Nígbà tí Honda Já Owó Ara Rẹ̀ Wálẹ̀: Ìtàn Alùpùpù Kan àti Ìdájọ́ Àwọn Ọlọ́kadà

Bí ẹ bá fẹ́ dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní ibùdó àwọn ọlọ́kadà ní Òkukù, ẹ fi ọ̀rọ̀ òṣèlú sílẹ̀. Ẹ kàn béèrè pé alùpùpù wo ló dára jù. Kí ẹ tó pa ẹnu dé, ẹnì kan á ti ní Boxer ni, ẹlòmíràn á ní kò sí èyí tó tó Honda àtijọ́, ẹnì kẹta á sì bú àwọn méjèèjì. Àwa tí à ń gùn ún láti ìgboro lọ sí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ kì í sábà wo orúkọ tí wọ́n kọ sára táǹkì. Owó ọkọ̀ là ń bá wọn fà. Bẹ́ẹ̀ orúkọ yẹn ní ìtàn, ìtàn náà sì kan àpò wa ju bí a ṣe rò lọ.

Ọdún 2011 ni mo fẹ́ fi ṣe ojú ọ̀rọ̀ mi. Ọdún yẹn ni Honda, ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Japan tí gbogbo ayé mọ̀ mọ alùpùpù, gbé ọ̀kan jáde ní Nàìjíríà tí wọ́n pè ní Ace CB125. Nǹkan bí 100,000 náírà ni wọ́n dá lé e. Wọn kò fi pa mọ́ rárá pé ọlọ́kadà ni àwọn ń wá. Ilé-iṣẹ́ tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún lẹ́nu iṣẹ́, tí orúkọ rẹ̀ nìkan ti tó láti ta ọjà, ló wá ń já owó ara rẹ̀ wálẹ̀ nítorí ẹni tí ń gbé èrò kọ̀ọ̀kan láti Ìnísà sí Òkukù. Báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe dé bẹ̀? Kí ló sì dé tí ó fi jẹ́ pé Boxer ló kún ojú títì wa lónìí, tí kì í ṣe Ace?

Ojú irin ló kọ́kọ́ sọ agbègbè yìí di ojú ọ̀nà. Ó dé Òṣogbo ní 1907, lẹ́yìn náà ó gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá lọ sí Ọ̀fà àti Ìlọrin. Ṣùgbọ́n reluwé kì í yà sí oko. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ ní Òkukù, tó sì ń lọ sí Ìgbayè tàbí Ìjábẹ̀, ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn, àfi tó bá ní kẹ̀kẹ́. Ayé kẹ̀kẹ́ Raleigh nìyẹn, nígbà tí ẹni tó bá ra kẹ̀kẹ́ tuntun máa ń gbà á lálejò bí ìyàwó. Nígbà tí alùpùpù bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn bàbá wa àgbà kọ́kọ́ mọ̀, BSA àti Triumph, àwọn abiyamọ irin tó wúwo, tó ń pariwo, tí kì í ṣe ohun tí tálákà ń dá lábàá. Ti Japan ló wá tú àṣírí náà pé alùpùpù lè kéré, kí ó dákẹ́, kí ó má sì jẹ epo púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé nípa Honda nìyí. Soichiro Honda dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1948, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn tí Japan fìdí rẹmi nínú ogun. Ní 1958 ni wọ́n gbé Super Cub jáde. Wọn kò ṣe é fún olówó. Lára ẹni tí wọ́n fi sọ́kàn ni ọmọ iṣẹ́ tí ń gbé oúnjẹ kiri láti ilé oúnjẹ dé ilé oníbàárà, tí ọwọ́ rẹ̀ kan ti di àwo mú. Ìdí nìyí tí wọ́n fi yọ kílọ́ọ̀ṣì ọwọ́ kúrò lára rẹ̀, kí ènìyàn lè fi ọwọ́ kan wà á. Ní 2017, iye Super Cub tí wọ́n ti ṣe jáde pé 100,000,000. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé Honda rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó ṣe alùpùpù olówó pọ́ọ́kú, ẹ bi í léèrè pé níbo ni Honda ti bẹ̀rẹ̀. Alùpùpù olówó pọ́ọ́kú ló sọ ọ́ di ẹni ńlá.

Níbí, àwọn ọmọ Super Cub náà, C50 àti C70, di ọkọ̀ àwọn olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìjọba. Owó Udoji tí wọ́n san fún àwọn òṣìṣẹ́ ní 1975 ra rédíò, ó ra fáànù, ó sì ra alùpùpù. Ẹ bi àwọn òbí yín àgbà tó ṣe iṣẹ́ tíṣà nígbà yẹn. Ní 1979 wọ́n dá Honda Manufacturing (Nigeria) sílẹ̀ ní Ọ̀tà, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, kí wọ́n lè máa to alùpùpù pọ̀ nílé dípò kí wọ́n máa kó o wọlé bó ṣe wà. Ẹni tó ní Honda lásìkò yẹn, ara rẹ̀ ló rà á fún. Á fi lọ sí ibi iṣẹ́, á fi gbé ìyàwó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, á nù ún, á sì fi aṣọ bò ó lálẹ́. Bí ó bá bàjẹ́, ẹsẹ̀ á ro ó díẹ̀, ṣùgbọ́n owó oṣù kò ní torí rẹ̀ dín.

Ètò SAP tí ìjọba Babangida gbé kalẹ̀ ní 1986 ló yí ìyẹn padà. Náírà wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun di ohun àwòmọ́jú, ọkọ̀ èrò gbó láìsí àrọ́pò, iṣẹ́ ìjọba kò sì yá mọ́. Ẹni tó ní alùpùpù nílé bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbé èrò ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó yá, òun ló ń ṣe láti òwúrọ̀. Orúkọ tí a fún iṣẹ́ náà, ẹ̀fẹ̀ ni ó ti jáde: Okada Air ni ọkọ̀ òfuurufú tí Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983, tí ó fi orúkọ ìlú rẹ̀ Okada sọ. Ọkọ̀ òfuurufú yẹn ti kógbá sílé tipẹ́. Èyí tí kò ní apá ló jogún orúkọ rẹ̀. Àwọn Hausa ní tiwọn ń pè é ní àchàbà.

Láti ọjọ́ tí alùpùpù ti di iṣẹ́ ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n ti yí padà. Tíṣà a máa béèrè pé ṣé ó lẹ́wà, ṣé kò ní dójú ti òun lójú ọ̀nà. Ọlọ́kadà ń béèrè pé tí ó bá bàjẹ́ ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, ṣé yóò padà sójú iṣẹ́ kí aago méjìlá tó lù? Mo rò pé inú ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Honda ní ilẹ̀ yìí wà.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé Honda fúnra rẹ̀ ti gbọ́ ìbéèrè náà ṣáájú ẹnikẹ́ni. Láàárín àwọn ọdún 1970, àwọn ẹnjiníà wọn lọ káàkiri àwọn orílẹ̀-èdè tí kò tíì lówó láti wo bí àwọn ènìyàn ṣe ń lo alùpùpù wọn. Wọ́n rí i pé èrò àti ẹrù tí wọ́n ń gbé kọjá ohun tí irin náà lè rù. Wọ́n rí i pé ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì a máa dúdú bí ọṣẹ dúdú kí ẹnikẹ́ni tó rántí pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì CB125 tí wọ́n ń tà nígbà náà kò lè fara da irú ìyà bẹ́ẹ̀, nítorí orí ẹ́ńjìnnì lókè pátápátá ni káàmù tí ń ṣí fáàfù wà, ibẹ̀ sì ni ọ́ìlì tí kò mọ́ ti kọ́kọ́ ń ṣe jàǹbá. Wọ́n padà sílé, wọ́n ṣe CG125, wọ́n sì gbé e jáde ní 1976. Nínú ìyẹn, wọ́n gbé káàmù sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀, wọ́n wá fi ọ̀pá gbọọrọ méjì máa ti fáàfù láti ibẹ̀. Ọgbọ́n àtijọ́ ni, àwọn tó fẹ́ràn eré sísá a máa fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní wàhálà, mẹkáníìkì abẹ́ igi sì lè tú u, kó tún un tò láìwo ìwé.

Ohun tó rọrùn láti tún ṣe rọrùn láti wò ṣe pẹ̀lú. Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe alùpùpù lọ́pọ̀ yanturu, CG125 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣí, tí wọ́n wọ̀n, tí wọ́n sì ṣe ìbejì rẹ̀. Bóyá ni ẹ́ńjìnnì alùpùpù mìíràn wà láyé tí wọ́n wò ṣe tó o. Ẹ gbọ́ èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín: ní 2001, Honda lọ bá Sundiro, ọ̀kan lára àwọn tí ń wo tirẹ̀ ṣe, wọ́n sì jọ dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Bí o kò bá lè mú olè, ó kù sí ọ lọ́wọ́ bóyá o máa gbà á síṣẹ́.

Àwọn ìbejì wọ̀nyẹn àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ló ya wọ Nàìjíríà bí omi ní nǹkan bí ogún ọdún sí ìsinsìnyí. Jincheng ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa rántí jù. Òun kì í ṣe ọmọ Honda, AX100 ti Suzuki ni wọ́n fi ṣe àwòkọ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo fún, tí èéfín rẹ̀ sì máa ń kọ́kọ́ jí àdúgbò láàárọ̀. Qlink wà níbẹ̀, Lifan wà níbẹ̀, àwọn mìíràn sì wà tí orúkọ wọn kò pẹ́ tó ọ̀dà ara wọn. Wọn kò lágbára tó ti Japan, gbogbo ọlọ́kadà ló sì mọ̀. Síbẹ̀ wọ́n rà wọ́n, nítorí ọmọkùnrin tí kò níṣẹ́ lè fi owó àjọ ọdún kan ra ọ̀kan.

Báyìí la ṣe dé ọdún 2011. Honda ní láti yàn: kí ó jókòó ti orúkọ rẹ̀ kí ọjà má sì tà, tàbí kí ó wá ṣe èyí tí ọlọ́kadà lè rà. Ace ni èsì tí ó fọ̀. Wọ́n fi àwọn ẹ̀yà tí wọ́n rà láti Ṣáínà sí i kí owó rẹ̀ lè wálẹ̀. Wọ́n ṣe ìjókòó rẹ̀ gùn, kí ó lè gba èrò. Ọdún 2011 náà ni owó oṣù tó kéré jù di 18,000 náírà. Ẹ ṣírò rẹ̀: owó oṣù mẹ́fà òṣìṣẹ́ tó kéré jù nínú ìjọba á ra Honda tuntun kan, ṣéńjì á tún kù. Ní ọdún mélòó kan ṣáájú ìgbà náà, àlá ni.

Kí wá ni àwọn tí ń gùn ún sọ? Èrò wọn kò ṣọ̀kan, mi ò sì ní díbọ́n pé ó ṣọ̀kan. Àwọn kan yìn ín fún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, àti fún orúkọ náà: oníbàárà a máa fọkàn tán Honda, pàápàá àwọn àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà tí ẹnu àwọn àgbà ọlọ́kadà kì í kúrò lára rẹ̀, pé Honda yìí kì í ṣe Honda ti àtijọ́. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni irin tó fẹ́lẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àti ìfura pé ohun tó ti Ṣáínà wá, ti Ṣáínà náà ni, orúkọ yòówù kí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ní èrò tèmi, ìfura yẹn kò tọ̀nà tán, nítorí ilé-iṣẹ́ tó bá fi orúkọ ara rẹ̀ sí nǹkan á ṣọ́ ọ ju ẹni tí kò lórúkọ lọ. Àmọ́ ó yé mi. Ẹni tó ti fi ogún ọdún gun CG125 tí kò já a kulẹ̀ mọ ohun tí ó ń fi wé.

Àríwísí tó lágbára jù kò tilẹ̀ kan ara alùpùpù náà. Sípéà ni. Orúkọ ńlá ní ìṣòro kan tí orúkọ kékeré kò ní: ayédèrú rẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù tó ní òun fẹ́ púlọ́ọ̀gì Honda tàbí ṣéènì Honda, oríṣi mẹ́ta ni wọ́n lè gbé síwájú rẹ̀, iye wọn yàtọ̀, páálí wọn sì jọra. Ojúlówó wọ́n, ayédèrú kì í pẹ́. Ọlọ́kadà tí kò fẹ́ wàhálà á wá èyí tí ẹ̀yà rẹ̀ kún gbogbo ṣọ́ọ̀bù, láti Ìkìrun títí dé Ọ̀fà, tí ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì kékeré jù náà mọ̀ ọ́n tú ní ìdìjú.

Ibẹ̀ ni Boxer ti gba ọ̀nà mọ́ ọn lọ́wọ́. Bajaj tó ṣe é kì í ṣe ọmọ àná. Ní 1945 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ilẹ̀ Íńdíà, ó fi ọdún mẹ́ta péré ju Honda lọ. Sìkútà ni wọ́n fi di gbajúmọ̀ nílé, wọ́n sì bá Kawasaki ti Japan ṣiṣẹ́ pọ̀ láti àwọn ọdún 1980, níbi tí wọ́n ti kọ́ ọ̀pọ̀ nínú ọgbọ́n alùpùpù kékeré. Boxer kò lẹ́wà. Mo mọ̀ pé àwọn kan á bínú sí mi, ṣùgbọ́n kò lẹ́wà. Ohun tó ní ni pé kò jẹ epo, kò gbé ẹnu sókè sí ẹrù, wọ́n sì kó sípéà rẹ̀ wọlé dé ìgbèríko kí ẹnikẹ́ni tó ní kí wọ́n kó o. Ní January 2012 tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí jálá epo fò láti 65 náírà kọjá 140 kí wọ́n tó dá a padà sí 97, ẹni tó ń gun alùpùpù tí kì í jẹ epo ló rẹ́rìn-ín. Láàárín ọdún díẹ̀ sí i, Nàìjíríà ti di ọjà tó tóbi jù fún Bajaj lẹ́yìn òde Íńdíà.

Ní agbègbè tiwa, oko ló tún dá kún un. Ọlọ́kadà Èkó ń sáré lórí ọ̀dà. Ọlọ́kadà Òkukù lè gbé akẹ́kọ̀ọ́ dé ẹnu géètì ní aago mẹ́jọ, kí ó di iṣu mọ́ ẹ̀yìn láti oko ẹ̀yìn Ìgbayè ní aago mọ́kànlá, kí ó sì gbé ìyá àti ọmọ méjì lọ sọ́jà kí oòrùn tó wọ̀. Ohun tí wọ́n ń wò ni sípírínì ẹ̀yìn, bóyá yóò tẹ̀ tí kò ní dìde mọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ wọn fi yan Boxer tó tóbi, 150. Lóòótọ́, ó ń jẹ epo díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ó ń gun òkè pẹ̀lú èrò méjì láìmí gúlegúle.

Ìdí mìíràn wà tí a kì í sábà sọ, mo sì rò pé ó ju gbogbo àwọn tó kù lọ: ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà kọ́ ló ni alùpùpù tí wọ́n ń gùn. Hayápọ́ṣéèsì ni. Olówó á ra á, ọlọ́kadà á máa dá iye kan padà lójoojúmọ́ tàbí lọ́sẹ̀ títí yóò fi san án tán. Olówó ló ń yan orúkọ. Òun kò sì ní í gùn ún. Ohun tí ó ń rò ni pé bí ọmọ náà kò bá lè san mọ́, èló ni òun máa tà á ní tokunbọ̀? Boxer kì í pẹ́ lórí àtẹ. Bí olówó ṣe ń yàn án, bẹ́ẹ̀ ló ń pọ̀ sí i, bó ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni sípéà rẹ̀ ń rọ̀, tí olówó mìíràn sì tún ń yàn án. Honda dé pẹ̀lú owó tó rẹlẹ̀, àmọ́ ìyípo yẹn ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó wọlé.

Ilé-ẹ̀kọ́ wa náà wà nínú ìtàn yìí. Nígbà ìjọba Ọlágúnsóyè Oyìnlọlá, tó jẹ́ ọmọ Òkukù, ni wọ́n dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, tí wọ́n sì pín in káàkiri ìpínlẹ̀, tí ẹ̀kọ́ ìṣàkóso àti ìmọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá bọ́ sí Òkukù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ tí kò ní ọkọ̀, tí ó sì ní kíláàsì aago mẹ́jọ! Àwọn tó jáde níbí ṣáájú wa mọ̀ pé kò sí ìjọba tó ní láti wá ọlọ́kadà bọ̀. Ní 2012 bákan náà, Èkó ṣe òfin tó lé ọ̀kadà kúrò ní ojú ọ̀nà 475, wọ́n tún fi kún un ní 2020 àti 2022. Lẹ́yìn ìfòfindè kọ̀ọ̀kan, àwọn kan a máa di alùpùpù wọn sẹ́yìn ọkọ̀ ẹrù, wọ́n á sì padà sílé. Èyí tó yè lára ìyà Èkó nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ wa, ìyẹn náà sì jẹ́ ìdájọ́ kan lórí orúkọ tó wà lára táǹkì.

Nísinsìnyí, ẹ tún ìṣirò tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣe. Láti May 2023 tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo pátá, àti oṣù kejì rẹ̀ tí wọ́n jẹ́ kí náírà wá ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ́jà, Boxer tuntun ti kọjá mílíọ̀nù kan náírà. Owó oṣù tó kéré jù di 70,000 ní 2024. Ó ju owó oṣù mẹ́rìnlá lọ kí òṣìṣẹ́ náà tó lè ra alùpùpù tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ti mẹ̀kúnnù, bí kò bá jẹun, tí kò sì san owó ilé. Hayápọ́ṣéèsì tí wọ́n ń san tán láàárín ọdún kan tẹ́lẹ̀ ti ń gùn sí i, owó tí olówó ń gbà lójoojúmọ́ sì ti ga. Ibẹ̀ ni owó ọkọ̀ tí à ń bá wọn fà ti ń jáde wá. Kì í ṣe pé wọ́n kàn burú.

Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ti ń yọjú báyìí pẹ̀lú owó tó rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ti Boxer lọ, TVS láti Íńdíà bákan náà, àti àwọn tí ń bọ̀ láti Ṣáínà lábẹ́ orúkọ tuntun. Ní ibùdó, ẹ ó gbọ́ kí àwọn ọlọ́kadà tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ máa fi ìka kan ara Boxer tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ láti inú páálí, kí wọ́n mi orí, kí wọ́n ní Boxer yìí kì í ṣe Boxer ti àtijọ́.